Tafawa Balewa: Olóòtú ìjọba tó bá Kennedy sọ̀rọ̀ láti Èkó lórí sátẹ́láìtì

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Kingsport wà ní èbúté Èkó. Ohun kan tó rí rìbìtì bí igbá ńlá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé wà lórí ọkọ̀ náà. Inú igbá yìí ni díìṣì tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30 wà.

Lọ́jọ́ náà, Alhaji Sir Abubakar Tafawa Balewa, olóòtú ìjọba Nàìjíríà, wà ní Èkó. Ààrẹ John F. Kennedy wà ní Washington. Àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe wáyà abẹ́ òkun ló gbé ohùn wọn. Ńṣe ni ohùn náà gbéra ní Èkó, ó gòkè ju kìlómítà 35,000 lọ, ó kan sátẹ́láìtì kékeré kan tó ń jẹ́ Syncom 2, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí olórí ìjọba méjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà lórí sátẹ́láìtì.

Orúkọ Balewa kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Alímọ̀ṣọ́. Àwòrán rẹ̀ ló wà lórí owó náírà márùn-ún. Òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ńlá tó wà ní Oníkàn. Ṣùgbọ́n ìtàn ọjọ́ tó bá Kennedy sọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ ọ rí. Bẹ́ẹ̀ láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìgàndo dé Ìpájà, kò sí àdúgbò tí èèyàn kò ní rí díìṣì lórí òrùlé. Irú ọ̀nà tí ohùn Balewa gbà lọ́jọ́ náà ni àwòrán tẹlifíṣọ̀n ń gbà wọlé wọn lónìí.

Ọmọ Bauchi tó di tíṣà

Oṣù Kejìlá ọdún 1912 ni wọ́n bí Abubakar ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Tafawa Balewa, ní ilẹ̀ Bauchi. Orúkọ ìlú yìí ló so mọ́ tirẹ̀ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ọmọ ọba, kì í sì í ṣe ọmọ olówó. Ní Àríwá ìgbà yẹn, ìdílé tí èèyàn ti wá ló sábà máa ń sọ ibi tó máa dé. Fún ọmọ tí kò ní irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ìwé ni àkàbà.

Ó gun àkàbà náà. Láti 1928 sí 1933, ó wà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di tíṣà fún gbogbo Àríwá. Nígbà tó jáde, ó padà sí Bauchi láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, nígbà tó yá ó di ọ̀gá ilé ìwé. Ní 1934, ìwé ìtàn kan tó kọ ní èdè Haúsá, Shaihu Umar, jáde. Ìtàn ọmọ kan tí wọ́n jí gbé lọ sóko ẹrú, tí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ló wà nínú ìwé náà.

Ní 1945, ó lọ sí Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láti tún kọ́ ẹ̀kọ́ síi lórí iṣẹ́ tíṣà. Nígbà tó padà dé, òṣèlú ti ń pè é. Àwọn ará Àríwá rán an wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó ní 1947. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti mọ ohùn rẹ̀. Kì í pariwo, kì í kánjú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń dún ketekete létí. Nígbà tó yá, orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún un ni ohùn wúrà ilẹ̀ Áfíríkà.

Kò fìgbà gbogbo gbà pé Nàìjíríà lè jẹ́ ọ̀kan. Ní 1948, ó sọ ní gbangba nínú ilé ìgbìmọ̀ náà pé lórí ìwé nìkan ni Nàìjíríà ti jẹ́ orílẹ̀-èdè kan láti 1914. Ó wà lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú NPC, níbi tí Ahmadu Bello, Sardauna Sókótó, ti jẹ́ olórí, tí òun sì jẹ́ igbákejì. Ó di mínísítà fún iṣẹ́ òde ní 1952, lẹ́yìn náà wọ́n fi í ṣe mínísítà ìrìnnà.

Iṣẹ́ mínísítà ìrìnnà ló gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní 1955, láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń fi odò ńlá kó ẹrù. Ohun tó rí níbẹ̀ ju odò lọ. Ó rí àwọn èèyàn tí ìran wọn ti oríṣiríṣi ibi wá, tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní ọmọ orílẹ̀-èdè kan. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé ìrìnàjò yẹn ló yí èrò òun padà nípa ìṣọ̀kan Nàìjíríà. Ní 1957, ó di olóòtú ìjọba.

Nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè

Ọdún 1957 kan náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, ni Rọ́ṣíà fi Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí ọmọ èèyàn ṣe, ránṣẹ́ sí ojú ọ̀run. Amẹ́ríkà kò fẹ́ gbẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í múra láti fi èèyàn ránṣẹ́ yípo ayé, wọ́n sì nílò ibùdó káàkiri ayé tí wọ́n á ti máa gbọ́ ohùn ẹni tó bá wà lókè. Ìjọba Balewa gbà kí wọ́n kọ́ ọ̀kan sí Kánò. Nígbà tí John Glenn di ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó yí ayé po ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1962, Kánò wà lára àwọn ibùdó tó bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń kọjá lórí Áfíríkà.

Nàìjíríà ti gba òmìnira nígbà náà. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960 ni Balewa gba ìwé òmìnira ní Èkó. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó dúró níwájú àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ní New York, níbi tí wọ́n ti gba Nàìjíríà wọlé. Ní oṣù Keje ọdún 1961, ó lọ kí Kennedy ní Washington. Nítorí náà, nígbà tí àwọn méjèèjì fi máa pàdé lórí sátẹ́láìtì, wọn kì í ṣe àjèjì sí ara wọn mọ́.

Kí ló dé tí sátẹ́láìtì kì í já bọ́?

Òkúta téèyàn bá jù sókè, ilẹ̀ ló ń padà sí. Kí ló wá mú sátẹ́láìtì dúró sókè láìsí òpó, láìsí okùn?

Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ Isaac Newton, onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ohun tó lé ní 300 ọdún sẹ́yìn. Ó ní kí èèyàn ronú nípa òkè kan tó ga gan-an tí ìbọn àgbá wà ní orí rẹ̀. Tí wọ́n bá yìn ín díẹ̀, ọta á balẹ̀ nítòsí. Tí wọ́n bá yìn ín kíkan, á balẹ̀ lókèèrè. Ṣùgbọ́n ayé kò tẹ́ pẹrẹsẹ, róbótó ni. Bí ọta ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ náà ń tẹ̀ sísàlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, ohunkóhun tí wọ́n bá jù sílẹ̀ máa ń já wálẹ̀ ní nǹkan bí mítà 5. Ilẹ̀ ayé náà máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀ ní nǹkan bí mítà 5 láàárín kìlómítà 8. Tí ọta náà bá wá sáré kìlómítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á já ní mítà 5, ilẹ̀ á sì ti sún sísàlẹ̀ ní mítà 5. Kò ní bá ilẹ̀ láéláé. Ohun tí sátẹ́láìtì ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń já bọ̀ ní gbogbo ìgbà, kò kàn balẹ̀ ni. Ó ní láti ga kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ pọ̀ sí, torí afẹ́fẹ́ á dín eré rẹ̀ kù, á sì fà á wálẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi tí sátẹ́láìtì wà, òòfà ilẹ̀ kò dé ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́tò tó fẹ́ yí ráńdábàòtù Ìkòtún po nílò kí táyà rẹ̀ di títì mú dáadáa. Tí ẹnìkan bá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sójú títì, táyà kò ní rí ibi dì mú, mọ́tò náà á sì gba ọ̀nà tààrà lọ kọlu ohun tó bá wà níwájú. Iṣẹ́ tí títì ń ṣe fún táyà ni òòfà ilẹ̀ ń ṣe fún sátẹ́láìtì. Bí òòfà bá dáwọ́ dúró báyìí, sátẹ́láìtì á gba ọ̀nà tààrà lọ, kò sì ní padà wá.

Bí sátẹ́láìtì bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni òòfà ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ náà ni eré tó nílò ń dín kù. Èyí tó wà ní kìlómítà 400 sókè ń sáré tó kìlómítà 7.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń yí ayé po láàárín wákàtí kan àtààbọ̀. Òṣùpá tó jìn tó kìlómítà 384,000 ń rìn ní kìlómítà kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń lo ju ọjọ́ 27 lọ kó tó yípo. Ìwúwo kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Sátẹ́láìtì kékeré àti èyí tó tóbi bí bọ́ọ̀sì, tí wọ́n bá wà ní ibi gíga kan náà, eré kan náà ni wọ́n máa sá.

Ibi kan wà láàárín àwọn méjèèjì tó jẹ́ pé yíyípo kan máa gba wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 56, iye àkókò tí ayé fi ń yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ jẹ́ kìlómítà 35,786 sókè. Òòfà ilẹ̀ níbẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 44 èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Eré sátẹ́láìtì níbẹ̀ jẹ́ kìlómítà 3.07 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ìwọ̀n tó ń já wálẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ.

Tí ọ̀nà rẹ̀ bá rí róbótó, tó sì wà lókè ìlà tó pín ayé sí méjì ọgbọọgba, sátẹ́láìtì náà á máa bá ayé yí lọ. Ẹni tó bá wà nílẹ̀ á rí i bí ohun tó dúró sójú kan. Tí ọ̀nà náà bá gùn bí ẹyin, eré rẹ̀ á máa yàtọ̀: kíákíá nítòsí ayé, díẹ̀díẹ̀ lókèèrè. Kò ní lè bá ayé rìn dọ́gba.

Syncom 1 dákẹ́, Syncom 2 dáhùn

Ṣáájú Syncom, Amẹ́ríkà ti ní Telstar, tí wọ́n gbé sókè ní oṣù Keje ọdún 1962. Telstar kò ga tó, nítorí náà ó ń yí ayé po ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 37. Tó bá ti yọ lójú ọ̀run, nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú péré ni àwọn tó wà ní ìhà méjèèjì òkun Àtìláńtíìkì ní láti fi lò ó, á sì tún wọ̀. Ta ló máa fi irú ìyẹn ṣe tẹlifóònù?

Harold Rosen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Hughes gbà pé ibi kìlómítà 35,786 ló yẹ kí wọ́n lọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ìgbà náà kò lè gbé nǹkan lọ síbẹ̀ ní tààrà. Ó kọ́kọ́ máa gbé sátẹ́láìtì sí ọ̀nà tó gùn bí ẹyin, tí ẹnu òkè rẹ̀ kan ibi tí wọ́n fẹ́. Tó bá dé ẹnu òkè yẹn, eré rẹ̀ á ti dín kù sí ìdajì èyí tó nílò. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á tún já padà sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì kékeré tó wà lára rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ tàn, kó tì í síwájú, kí ọ̀nà ẹyin yẹn lè di róbótó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1963, wọ́n gbé Syncom 1 lọ. Ẹ́ńjìnì kékeré náà tàn, sátẹ́láìtì sì dákẹ́. Wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún yẹn, wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú Syncom 2. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dé ibi tí wọ́n rán an. Kò wúwo ju kìlógíráàmù 39 lọ, kò tó àpò sìmẹ́ǹtì kan.

Ọ̀nà rẹ̀ rí róbótó, ṣùgbọ́n ó dagun díẹ̀, nítorí náà kò dúró sójú kan tán pátápátá. Lójoojúmọ́ ó máa ń lọ síhà àríwá, á tún padà síhà gúúsù, bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8 sójú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí díìṣì inú ọkọ̀ Kingsport ní Èkó fi ní láti máa tẹ̀lé e. Ọkọ̀ náà ló ń gbé ohùn lọ sókè láti Èkó, òun náà sì wà lára àwọn tó ń darí sátẹ́láìtì náà.

Ọ̀rọ̀ tí Balewa àti Kennedy bá ara wọn sọ kò gùn. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n sì sọ̀rọ̀ nípa ìrètí pé irú ẹ̀rọ yìí á mú kí àwọn orílẹ̀-èdè gbọ́ ara wọn yé. Bí ohùn ṣe ń yára tó lójú ọ̀run, tó ń lọ bí ìmọ́lẹ̀, ó ṣì gbà á ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti lọ sókè kó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá parí ọ̀rọ̀ ní láti dúró ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó gbọ́ èsì.

Ilé kò gbọ́ra yé

Nígbà tí ohùn olóòtú ìjọba ń dún ketekete ní Washington, ọ̀rọ̀ ti wọ́ láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, lẹ́yìn ìjà inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba Balewa kéde òfin pàjáwìrì lórí ẹkùn náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1963 yẹn gan-an, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lórí ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ ní Èkó. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìpè Kennedy tí wọ́n fi rán an lọ sẹ́wọ̀n. Ọ̀pọ̀ Yorùbá kò dárí èyí ji ìjọba àpapọ̀. Títí dòní, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn tó mọ Balewa sí èèyàn jẹ́jẹ́ àti àwọn tó ní ó yẹ kó ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbò ọdún 1964 dá rúgúdù sílẹ̀. Èyí tí wọ́n dì ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965 ló burú jù. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun mọ́tò, wọ́n sun èèyàn. Wẹ́tíẹ̀ ni àwọn èèyàn pe ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò sì tíì gbàgbé òórùn bẹntiróòlù rẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 àti 12 oṣù Kìíní ọdún 1966, Balewa gba àwọn olórí orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́lì lálejò ní Èkó, kí wọ́n lè wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ Rhodesia. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìpàdé náà tí àwọn ọ̀gágun kan dìtẹ̀ gbàjọba. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 15, wọ́n mú Balewa lọ kúrò nílé rẹ̀. Wọ́n pa Ahmadu Bello ní Kàdúná, wọ́n pa Samuel Ladoke Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n rí òkú olóòtú ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Abẹ́òkúta, lápá ibi tí Ọ̀tà àti Ìfọ̀ wà, lójú ọ̀nà tí ará Alímọ̀ṣọ́ ń gbà lọ sí Abẹ́òkúta. Bauchi ni wọ́n sin ín sí. Ẹni ọdún 53 ni.

Kennedy ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sọ̀rọ̀ lórí Syncom 2. Ọjọ́ Ẹtì mìíràn, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá géérégé lẹ́yìn náà, ni wọ́n yìnbọn pa á ní Dallas.

Ohun tó kù

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1964, Amẹ́ríkà gbé Syncom 3 lọ sókè. Èyí ló kọ́kọ́ dúró sójú kan gan-an, òun ni wọ́n sì fi gbé ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo lọ sí Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sátẹ́láìtì ló ti tẹ̀lé e lọ sí ibi gíga yẹn. Nàìjíríà wà lára wọn. NigComSat-1 gòkè lọ láti Ṣáínà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, ó sì kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008 nígbà tí iná rẹ̀ bàjẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2011, wọ́n gbé NigComSat-1R lọ láti rọ́pò rẹ̀. Ju tọ́ọ̀nù 5 ni nígbà tó gbéra, ṣùgbọ́n eré kìlómítà 3.07 tí Syncom ń sá ni òun náà ń sá.

Ìdí tí oníṣẹ́ díìṣì ní Ẹ̀gbẹ́dá fi ń gun òrùlé lẹ́ẹ̀kan péré nìyí. Á yí díìṣì sí ìhà ìlà-oòrùn, á máa sún un díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán á fi jáde, á sì dè é pinpin. Òjò lè dí i lọ́wọ́, torí omi ń gba agbára ìgbì tó ń bọ̀ láti òkè. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti dá, àwòrán á padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan díìṣì. Ibi tí sátẹ́láìtì wà lánàá náà ló wà lónìí.

Ní 1969, wọ́n pa Syncom 2. Kò gbọ́ àṣẹ mọ́, kò sì gbé ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí afẹ́fẹ́ níbi tó wà tó máa dín eré rẹ̀ kù. Àwọn méjèèjì tó kọ́kọ́ fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba ti wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ yìí, sátẹ́láìtì náà ṣì ń já bọ̀ lọ́hùn-ún, sẹ̀ǹtímítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì tíì balẹ̀.